Bí Ẹ Ṣe Lè Gbọ́ Símfónì Kẹsàn-án ti Dvořák Lórí Àwo Títí Yóò Fi Wọ̀ Yín Lára

Símfónì, orin gígùn tí ọ́kẹ́sítírà (ẹgbẹ́ ńlá àwọn olóhun èlò orin) ń lù, ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ yìí. Apá mẹ́rin ló ní, kò sì ní ọ̀rọ̀ ẹnu kankan nínú. Ó tó ìṣẹ́jú 40 kó tó parí, àwọn olùdarí ọ́kẹ́sítírà mìíràn a sì máa fà á kọjá 45. Antonín Dvořák ló kọ ọ́ ní New York ní ọdún 1893. Ọmọ Bohemia ni, ilẹ̀ tó wà nínú orílẹ̀-èdè Czech lónìí. Símfónì Kẹsàn-án rẹ̀ ni, orúkọ tí ayé sì mọ̀ ọ́n sí ni "Láti Ayé Tuntun". Ẹni tó bá ti pẹ́ ní Ìlú Ọba lè ti gbọ́ ohùn apá kejì rẹ̀ nínú ìpolówó búrẹ́dì Hovis tó jáde ní 1973, kó má sì mọ ibi tí wọ́n ti mú un.

Ohun tó ń lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò nídìí irú orin yìí ni pé wọ́n ń retí ìlù tí wọn yóò jó sí tàbí ọ̀rọ̀ tí wọn yóò dì mú, wọn ò sì rí ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ohun mìíràn ni símfónì fi ń sọ̀rọ̀. Ó máa ń mú ohùn kúkúrú kan, ó máa ń yí i padà, ó máa ń gbé e fún ohun èlò mìíràn, ó máa ń fi í pamọ́, lẹ́yìn náà ó tún máa ń mú un jáde nígbà tí ọkàn yín ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá dá ohùn yẹn mọ̀ nígbà tó kọ́kọ́ jáde nìkan ló máa mọ̀ pé ó ti padà dé. Ibẹ̀ ni àwo ti wúlò. Níbi eré ojúkojú, ohun tó bá ti kọjá ti lọ nìyẹn. Lórí àwo, ẹ lè dá a padà bó ṣe wù yín.

Nítorí náà, ohùn kan ṣoṣo ni mo máa ní kí ẹ tọpa rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: èyí tí fèrè hóònù máa fọn ní apá kìíní. Ó jáde nínú apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ẹ bá lè mú un níbi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, símfónì náà ti di tiyín.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ yan àwo kan ṣoṣo

Àìmọye àwo ló wà fún símfónì yìí. Ìwé orin kan náà ni gbogbo ọ́kẹ́sítírà ń lù, àmọ́ olùdarí kọ̀ọ̀kan ní bó ṣe ń yára sí, ibi tó ti ń rọra, àti ohun èlò tó fẹ́ kó ta yọ. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, èyí tí mo máa kọ́kọ́ mú lé e lọ́wọ́ ni àwo tí Rafael Kubelík ṣe pẹ̀lú Berlin Philharmonic ní 1972, nítorí pé ohun èlò kan kì í bo èkejì mọ́lẹ̀ nínú rẹ̀. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ wá ti Karel Ančerl pẹ̀lú Czech Philharmonic ní 1961, tàbí ti István Kertész pẹ̀lú Vienna Philharmonic lọ́dún kan náà, tàbí ti Fritz Reiner pẹ̀lú Chicago Symphony ní 1957. Kò sí èyí tó máa já yín kulẹ̀ nínú wọn. Ẹ ṣáà mú ọ̀kan, kí ẹ sì dúró tì í. Àkókò tí a máa fi ọ̀kan wé èkejì ń bọ̀ níwájú.

Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ rí i dájú pé apá mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa ń gbé apá kejì nìkan sórí YouTube, torí òun ni gbogbo ayé fẹ́ràn jù. Bí ó bá jẹ́ áàpù orin ni ẹ ń lò, ẹ pa shuffle. Bí áàpù bá da apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ mọ́ra, gbogbo ohun tí mo ń sọ yìí ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ pa bass boost àti equaliser náà. Wọn a máa fẹ́ ohùn double bass (ohun èlò olókùn tó tóbi jù, tó sì rẹlẹ̀ jù) lójú sódì, wọn a sì bo àwọn fèrè mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá sì rí àwo àtijọ́ níbi tí wọ́n ti ń ta rẹ́kọ́ọ̀dù, tí wọ́n kọ "No. 5" sí i lára, ẹ má sọ pé kì í ṣe òun. Símfónì Karùn-ún ni wọ́n pè é nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó ka àwọn mẹ́rin tó ṣáájú mọ́ ọn. Bí ó bá ti jẹ́ "New World" ló wà níbẹ̀, òun náà ni.

Ìgbésẹ̀ kejì: Apá kẹrin ni kí ẹ fi díwọ̀n bí ohùn ṣe máa ròkè tó

Ìgbésẹ̀ yìí kéré, àmọ́ òun ló ń ba eré jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ìbẹ̀rẹ̀ símfónì yìí rẹlẹ̀ gan-an. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé fóònù òun ò ròkè tó, á tì í sókè dé òpin. Kò ní pẹ́ tí gbogbo olókùn (fayolíìnì àti ẹbí rẹ̀) àti ìlù timpani á fi jọ bú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, olúwarẹ̀ á sì fa earpiece yọ létí.

Ohun tó yẹ ni pé kí ẹ lọ sí ìbẹ̀rẹ̀ apá kẹrin ná. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 20 sí i, àwọn trumpet àti hóònù á gbé orin jáde pẹ̀lú agbára. Ẹ ṣe ohùn rẹ̀ títí yóò fi kún etí yín láìdùn yín. Ẹ wá padà sí apá kìíní, kí ẹ má sì fọwọ́ kàn án mọ́. Ohun tó bá rẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, Dvořák ló fẹ́ kó rẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Tí jẹnẹrétọ̀ bá ń dún nítòsí, inú ohùn rẹ̀ ni cello (ẹbí fayolíìnì tó tóbi, tí ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀) tó ṣí orin máa rì sí. Ẹ dúró di ìgbà tí ilẹ̀ bá ti pa rọ́rọ́, tàbí kí ẹ lo earpiece tó ń dí etí pa. Sípíkà fóònù ò ṣeé lò fún èyí rárá. Kò lè gbé ohùn double bass jáde, ìparí apá kejì á sì dákẹ́ pátápátá bíi pé kò sí nǹkan níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ mọ ibi tí orin náà ti ṣẹ̀

Ní oṣù Kẹsàn-án 1892 ni Dvořák dé New York. Jeannette Thurber, obìnrin tó dá ilé ẹ̀kọ́ orin National Conservatory sílẹ̀, ló ránṣẹ́ pè é wá láti Prague kó wá máa darí ibẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ yìí ń gba aláwọ̀ dúdú wọlé, ohun tí kò wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà ìgbà yẹn. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ni Harry T. Burleigh. Bàbá tó bí ìyá rẹ̀ ti jẹ́ ẹrú rí, ẹnu bàbá àgbà yìí sì ni Burleigh ti kọ́ àwọn orin ẹ̀mí tí àwọn ẹrú ń kọ nínú oko òwú. Burleigh a máa kọ wọ́n fún Dvořák létí, ìyẹn a sì máa bi í ní ìbéèrè nípa wọn. Ní oṣù Karùn-ún 1893, oṣù náà gan-an tí Dvořák parí símfónì yìí, ó sọ fún ìwé ìròyìn New York Herald pé orí orin àwọn aláwọ̀ dúdú ni orin Amẹ́ríkà ọjọ́ iwájú gbọ́dọ̀ dúró lé. Ọ̀rọ̀ náà bí àwọn kan nínú gidigidi.

Ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ bá ń gbọ́ ọ. Etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wà lára ibi tí wọ́n ti kó àwọn baba ńlá àwọn tó kọ orin ẹ̀mí wọ̀nyẹn lọ. Dvořák ò ya orin wọn mú, kó wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ tirẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló hun gbogbo ohùn inú símfónì yìí. Bí orin wọn ṣe ń rìn ló wọ inú tirẹ̀. Ó tún sọ pé ewì gígùn tí Longfellow kọ nípa Hiawatha, akọni ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, wà lọ́kàn òun nígbà tí òun ń kọ apá kejì àti apá kẹta. Ìlú rẹ̀ tó fi sílẹ̀ sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó bá ti gbé ìlú òkèèrè rí á gbọ́ ìyẹn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá 1893, ọ́kẹ́sítírà New York Philharmonic lù ú ní Carnegie Hall, Anton Seidl ló darí wọn. Nígbà tí apá kejì parí, àtẹ́wọ́ pọ̀ débi pé Dvořák ní láti dìde níbi tó jókòó sí kó tẹríba fún wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ gbọ́ ọ tán lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ má ṣe nǹkan kan

Ẹ jókòó. Ẹ má ka nǹkan, ẹ má dá a padà, ẹ má wá ìtumọ̀. Bí ọkàn yín bá lọ sí ibòmíràn, ẹ jẹ́ kó lọ. Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ yín ni pé kí ẹ rántí ibi méjì tàbí mẹ́ta tó gbé yín lọ́kàn, kí ẹ kọ ìṣẹ́jú tí ó bọ́ sí sínú fóònù yín nígbà tó bá parí. Ibẹ̀ ni ẹ óò tún fẹ́ dé nígbà mìíràn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Apá kìíní, ẹ mú ohùn hóònù

Ọjọ́ mìíràn ni kí ẹ ṣe èyí. Cello ló ṣí i, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ará ilé. Hóònù dá a lóhùn ní gbólóhùn kúkúrú, àwọn fèrè náà sọ tiwọn, lẹ́yìn náà ni ìbújáde tí mo ti kìlọ̀ rẹ̀ dé. Ìṣáájú orin nìyí. Ṣùgbọ́n kó tó parí, ẹ fetí sí ìsàlẹ̀: wọ́n ti ń dán ohùn pàtàkì náà wò, wọn ò tíì sọ ọ́ jáde tán.

Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 2, àwọn fayolíìnì á máa gbọ̀n wìrìwìrì lórí ohùn kan, abẹ́ wọn ni hóònù ti máa yọ. Ohùn tí à ń wá nìyẹn. Ó gun òkè ní ìṣísẹ̀ gbọ̀ngbọ̀n, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ sólfà, lah, doh àti me nìkan ló ń tẹ̀ bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Bó bá ti tán, ẹ dá orin dúró. Ẹ hùn ún lẹ́nu. Ẹ dá a padà sẹ́yìn díẹ̀, ẹ tún gbọ́ ọ, ẹ tún hùn ún, títí yóò fi di pé ẹ lè máa hùn ún nínú balùwẹ̀. Ẹ má kánjú kọjá ibí yìí, torí òun ni gbogbo ìyókù dúró lé.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Hóònù lé, clarinet àti bassoon, fèrè méjì mìíràn, gbè é. Hóònù tún lé, àwọn fèrè mìíràn tún gbè. Ẹni tó dàgbà sínú orin tiwa kò nílò àlàyé kankan lórí lílé àti ègbè, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ ṣàkíyèsí pé ègbè níbí kì í tún ohun tí olùlé sọ sọ. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ló ń sọ, ó fúyẹ́ ju ti olùlé lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yá.

Ohùn méjì mìíràn tún wà ní apá yìí. Àkọ́kọ́ bọ́ sẹ́nu flute àti oboe, irú fèrè méjì, ó ní ìbànújẹ́ díẹ̀, ohùn kan sì dúró gbọnin lábẹ́ rẹ̀ tí kò yẹ̀. Èkejì ni flute kan ṣoṣo fọn ní ìsàlẹ̀ ohùn rẹ̀, bí ara ti balẹ̀ tán. Ẹni tó bá mọ orin ẹ̀mí tí wọ́n ń pè ní "Swing Low, Sweet Chariot" á gbọ́ ìjọra. Flute kì í sábà dún tó bẹ́ẹ̀ ní ìsàlẹ̀ yẹn, ìdí sì nìyẹn tí àwọn olókùn fi ní láti rọra gan-an. Ẹ gbọ́ bí olùdarí tiyín ṣe mú wọn dákẹ́ fún un.

Bí ó bá dà bíi pé orin ṣàdéédé padà síbi tí hóònù ti bẹ̀rẹ̀, kò sóhun tó ṣe àwo yín. Dvořák kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí wọ́n tún ìdá àkọ́kọ́ yìí lù. Àwọn olùdarí kan ń ṣe é, àwọn mìíràn ò ṣe é. Ìdí nìyẹn tí apá kìíní fi jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú 9 lórí àwo kan, tó sì jẹ́ 12 lórí òmíràn. Mo fẹ́ràn àwọn tó tún un lù, pàápàá fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Láti ibẹ̀ lọ, ohùn hóònù náà á bọ́ sọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Wọ́n á já a sí wẹ́wẹ́, wọ́n á gbé e lọ síbi tí kò mọ̀ rí. Ẹ ṣáà máa tọ́ka sí i bó bá ti ń jáde.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Apá kejì, ẹ má sùn

Largo ni orúkọ rẹ̀, ìyẹn ni pé kí wọ́n lù ú ní pẹ̀lẹ́ àti ní fífẹ̀. Òun ló dùn jù, òun náà sì ni ènìyàn máa ń fi sùn. Ẹ jókòó tààrà.

Àwọn fèrè ńlá onídẹ ló ṣílẹ̀kùn, pẹ̀lú clarinet àti bassoon: ìró díẹ̀, tó wúwo, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yàtọ̀ sí èyí tó ṣáájú. Lábẹ́ wọn ni tuba, fèrè onídẹ tó rẹlẹ̀ jù, wà. Ẹni tó ń fọn tuba yìí á jókòó fún símfónì odindi, ní apá kejì yìí nìkan ló sì ti ń fọn, ìró rẹ̀ níbẹ̀ kò tó 20. Ẹ gbọ́ bí ìsàlẹ̀ ìró wọ̀nyẹn ti jinlẹ̀ tó, òun nìyẹn. Ẹ má gbàgbé ìró wọ̀nyí o, a óò tún bá wọn pàdé ní apá kẹrin.

Lẹ́yìn náà ni cor anglais gba orin. Ìbátan oboe ni, àmọ́ ó gùn jù ú lọ, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń fọn ún, àwọn fayolíìnì tí wọ́n ti fi nǹkan dí ohùn wọn wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ kọ́áyà, ẹ kọ ọ́ báyìí:

m – s – s, m – r – d, r – m – s – m – r

Ẹ kọ ọ́ sókè, kí ẹ kọ ọ́ pẹ̀lẹ́. Kò sí fah nínú gbólóhùn yẹn, kò sí te. Ohùn mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn ló sì wà nínú ohùn márùn-ún tí ọ̀pọ̀ orin ìbílẹ̀ Yorùbá ń rìn lé, èyí tó jẹ́ kí etí wa tètè gbà á. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé orin ẹ̀mí àtijọ́ ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Dvořák ló hun ún, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ William Arms Fisher ló sì wá kọ ọ̀rọ̀ sí i ní 1922, tó fi di orin tí wọ́n ń kọ níbi ìsìnkú.

Nígbà tí ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ gbàgbé orin náà, kí ẹ gbọ́ èémí ẹni tó ń fọn ún. Ibo ló ti mí? Ṣé ó so gbólóhùn kìíní mọ́ èkejì, àbí ó jẹ́ kí àyè díẹ̀ wà láàárín wọn? Lórí àwo tó dára, ẹ lè gbọ́ ibi tó ti gba èémí sínú. Ìwọ̀nba ìyàtọ̀ yìí ni àwọn olólùfẹ́ símfónì yìí fi ń bá ara wọn jiyàn.

Àárín apá kejì ṣókùnkùn díẹ̀. Àwọn double bass ń fi ìka tẹ okùn lẹ́sẹẹsẹ bí ẹsẹ̀ àwọn tó ń rìn, flute àti oboe sì ń sunkún lórí wọn. Lójijì, oboe á bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ẹyẹ àárọ̀, àwọn yòókù á dara pọ̀, á máa ga sí i, á máa ga sí i. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti là etí yín sílẹ̀: àwọn trombone, fèrè onídẹ gígùn, á ké ohùn hóònù ti apá kìíní jáde pẹ̀lú gbogbo agbára wọn, trumpet á sì gbé orin cor anglais lé e lórí. Ìgbà kejì tí ẹ rí i nìyẹn. Kò pẹ́ rárá kó tó rọlẹ̀, ẹni tó bá ń tẹ fóònù lọ́wọ́ kò ní mọ̀ pé ó kọjá.

Lẹ́yìn rẹ̀, cor anglais á tún padà. Ó tún kù kí ẹ gbọ́ ohun tí mo kà sí ibi tó jinlẹ̀ jù nínú gbogbo símfónì yìí. Àwọn olókùn díẹ̀ péré á gba orin náà lẹ́nu rẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á dákẹ́ láàárín gbólóhùn. Wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n á tún dákẹ́, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ há sí lọ́nà ọ̀fun. Dvořák kọ ìdákẹ́jẹ́ yẹn sínú ìwé. Olùdarí ló ń pinnu bó ṣe máa pẹ́ tó. Ẹ má fi nǹkan kan kún un. Ní ìparí pátápátá, àwọn double bass nìkan ló ṣẹ́ kù, tí wọ́n jọ mú ìró kan dání ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀. Bí ẹ ò bá gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀, ẹ̀rọ yín ló yẹ kí ẹ yẹ̀ wò.

Ìgbésẹ̀ keje: Apá kẹta, ẹ jẹ́ kó gbé yín

Ìṣẹ́jú 7 tàbí 8 ni. Kò nílò àlàyé púpọ̀, torí ijó ni. Ewì Hiawatha ni Dvořák ní lọ́kàn níbí, ibi àsè tí wọ́n ti ń jó. Timpani sọ̀rọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, agogo onígun mẹ́ta sì ń dún ṣiinṣin láàárín wọn. Apá yìí nìkan ni wọ́n ti lò ó. Àwọn fèrè á máa lé ara wọn, kí ọ̀kan tó parí, èkejì ti bẹ̀rẹ̀ ohun kan náà. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa ṣọ́: bó bá ti ń lọ sópin, hóònù á ké ohùn tiwa láti ọ̀nà jíjìn. Ìgbà kẹta nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Apá kẹrin, ẹ kà wọ́n bí wọ́n ti ń wọlé

Àwọn olókùn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìró méjì tó fara pẹ́ ara wọn, wọ́n ń tún un ṣe, wọ́n ń yára sí i, títí trumpet àti hóònù fi gba orin, bí ọmọ ogun tó ń bọ̀ lójú ọ̀nà tààrà. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 2, kí clarinet tó gba orin tuntun tó tutù, ẹ fetí sí aro. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló dún nínú gbogbo símfónì yìí, ó sì rọra dún, "ṣẹ̀ẹ̀ẹ̀", ó parí. Àwọn tó gbọ́ símfónì yìí fún ọdún pípẹ́ wà tí wọn ò mọ̀ pé aro wà nínú rẹ̀. Bí clarinet bá ti ń kọ tirẹ̀, ẹ má gbàgbé cello tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ń dá a lóhùn pẹ̀lú gìrìgìrì bí ẹni tí kò fara mọ́ ìtutù yẹn.

Láti àárín lọ ni àwọn àlejò á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Orin cor anglais á yọjú, àmọ́ kò ní sí ìsinmi nínú rẹ̀ mọ́. Orin ijó apá kẹta á já wọlé. Ohùn hóònù ti apá kìíní á dé, ìgbà kẹrin rẹ̀. Nítòsí òpin, ìró wúwo tó ṣí apá kejì tún padà, kì í ṣe pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ mọ́, gbogbo ẹnu ni wọ́n fi ń ké e. Nígbà tí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ tán, ariwo lásán ló lè jẹ́ létí yín. Ẹ̀yin tí ẹ ti tẹ̀lé e dé ibí á rí i pé gbogbo ẹni tí ẹ ti mọ̀ ló péjọ.

Ẹ wá ṣọ́ra fún ìró tó kẹ́yìn. Gbogbo ọ́kẹ́sítírà á lù ú pẹ̀lú agbára bíi ti àwọn símfónì yòókù, ṣùgbọ́n àwọn afọnfèrè kò ní jáwọ́. Wọ́n á mú un dání, á máa rẹlẹ̀, á máa rẹlẹ̀, títí kò fi ní sí mọ́. Lórí YouTube, ibẹ̀ ni ìpolówó tàbí fídíò mìíràn ti máa ń já wọlé, nítorí náà ẹ pa autoplay kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ẹ wá fi àwo wé àwo

Bí ẹ bá ti mọ àwo kan débi pé ẹ lè sọ ohun tó kàn kó tó dún, ẹ wá èkejì. Ẹ má fi símfónì odindi wéra. Ó ti pọ̀ jù. Apá kejì nìkan tó.

Leonard Bernstein fi orin yìí sórí àwo ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní 1962, pẹ̀lú New York Philharmonic, ọ́kẹ́sítírà tó kọ́kọ́ lù ú fún ayé gbọ́, apá kejì gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 12, bí ti ọ̀pọ̀ olùdarí. Ní 1986, pẹ̀lú Israel Philharmonic, ọkùnrin kan náà fà á kọjá ìṣẹ́jú 18. Ẹ gbọ́ gbólóhùn cor anglais nìkan nínú méjèèjì, kí ẹ fi sólfà tí mo kọ sókè yẹn tẹ̀lé e. Nínú ti 1962, ẹ ó lè kọ ọ́ ní èémí kan. Nínú ti 1986, èémí yín ò ní gbé e. Lójú tèmi, orin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ní ìfàsẹ́yìn tó tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ mo máa ń padà sídìí rẹ̀ nítorí ìdákẹ́jẹ́ ìparí yẹn. Kò sí àwo mìíràn tí mo mọ̀ tó jẹ́ kí ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi hóònù wé hóònù. Lórí àwo Ančerl, ohùn hóònù àwọn ará Czech a máa mì díẹ̀, bí ohùn ènìyàn tó ń kọrin. Irú hóònù tí wọ́n ń fọn ní Vienna yàtọ̀ sí ti ibòmíràn, ohùn rẹ̀ lórí àwo Kertész sì dúró gbọnin, ó dúdú, ó nípọn. Ibì kan náà, ohùn kan náà, ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀: ẹ lù wọ́n tẹ̀ léra.

Ẹ̀yin tí ẹ lè ka nóòtì, ìwé orin rẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí IMSLP, ibi tí wọ́n ń kó ìwé orin sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, torí pé láti 1904 ni Dvořák ti kú. Ẹ má gbìyànjú láti ka gbogbo ìlà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi ìka sórí ìlà hóònù ní apá kìíní, ẹ tẹ̀lé òun nìkan.

Ìgbésẹ̀ kẹwàá: Ibi tí ẹ lè gbà láti ibí

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 1893 kan náà, Dvořák lọ sí Spillville ní Iowa, láàárín àwọn ará ìlú rẹ̀ tó ti tẹ̀dó síbẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti kọ orin olókùn mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní "American", opus 96 (nọ́ńbà tí wọ́n fi sí iṣẹ́ náà). Ẹ gbọ́ èyí kí ẹ tó lọ sórí símfónì mìíràn. Ènìyàn mẹ́rin péré ló ń lù ú, kò sí ibi tí ohùn kankan lè sá pamọ́ sí, viola (ẹbí fayolíìnì tó tóbi jù ú lọ díẹ̀) ló sì kọ́kọ́ gbé orin jáde, ohun èlò tí Dvořák fúnra rẹ̀ ń lù nínú ọ́kẹ́sítírà ní Prague nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́.

Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ wá African Suite tí Fẹlá Ṣówándé, tí wọ́n bí ní Ọ̀yọ́ ní 1905, kọ ní 1944 fún ọ́kẹ́sítírà olókùn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti apá ìparí rẹ̀, "Akinla", tó fi orin háíláífù ṣe. Ẹ mú ohùn rẹ̀ àkọ́kọ́ bí ẹ ti mú ti hóònù, ẹ hùn ún títí yóò fi mọ́ yín lẹ́nu, kí ẹ wá máa wò ó bí ó ti ń kọjá láti ọwọ́ fayolíìnì dé ọwọ́ cello.